Bí ẹ ṣe máa ṣètò ìwádìí ìjọba lórí ètò ìkọ́ṣẹ́ kí èsì rẹ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé

Ìròyìn tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba máa ń kọ lórí ètò ìkọ́ṣẹ́ kì í ju báyìí lọ: a kọ́ 1,000 èèyàn níṣẹ́, 600 nínú wọn ti ríṣẹ́, ètò náà kẹ́sẹ járí. Tí ẹnì kan bá wá béèrè pé mélòó nínú 600 yẹn ni ì bá ríṣẹ́ bí wọn ò tilẹ̀ yọjú sí kíláàsì rárá, kò sẹ́ni tó máa lè dáhùn. Ó lè jẹ́ 200, ó sì lè jẹ́ 550. Tó bá jẹ́ 550, a jẹ́ pé èèyàn 50 péré ni ètò náà bá wá iṣẹ́, owó tó sì yẹ kó kọ́ 1,000 èèyàn ni wọ́n ná lé 50 yẹn lórí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 200 àti 550 ni gbogbo ìwádìí wa ń wá. Bí a kò bá ṣètò bí a ṣe máa rí i kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọgbọ́n tí oníṣirò lè ta sí i lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá ti parí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ètò àti ìṣirò ní àwọn ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo kọ èyí fún, àti ẹ̀yin tí wọ́n gbé irú ìwádìí yìí lé lọ́wọ́ láti ìta. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín: ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kìíní wọ kíláàsì kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ máa fi í wé.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe "ìjọba" lápapọ̀ o. Ẹnì kan pàtó ni, tó lè fọwọ́ sí i pé kí ètò náà máa lọ, kí wọ́n mú un gbòòrò, kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n pa á tì. Bí ẹ kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ dá ìwádìí dúró ná. Lẹ́yìn náà:

- ìwé òfin tàbí ìlànà tó dá ètò náà sílẹ̀, pàápàá ibi tó ti sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i àti ẹni tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dá padà;
- orúkọ gbogbo ẹni tó béèrè fún àyè, kì í ṣe ti àwọn tó wọlé nìkan;
- ọ̀nà láti rí àkọsílẹ̀ owó tí àwọn èèyàn ń gbà níbi iṣẹ́, bóyá lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó orí tàbí àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì;
- owó ìwádìí tó dá dúró lọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní fà lò nígbà tí owó ẹ̀kọ́ bá ń tán lọ;
- oníṣirò tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tó máa wà pẹ̀lú yín láti ọjọ́ kìíní;
- ìgbìmọ̀ tó máa yẹ ìwádìí náà wò kí ẹnikẹ́ni má baà jìyà nítorí rẹ̀;
- ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá parí.

Ọdún mẹ́ta yẹn ló máa ń ṣòro fún àwọn ọ̀gá láti gbà. Ẹ sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà máa béèrè èsì lọ́wọ́ yín ní oṣù kẹfà.

Ìpele 1: Ẹ kọ ìpinnu sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ìbéèrè

"Ǹjẹ́ ètò yìí ń ṣiṣẹ́?" kì í ṣe ìbéèrè ìwádìí. Kò sọ fún ta ni, kò sọ ìgbà wo, kò sì sọ ohun tí a fi ń wé e. Ẹ jókòó ti ọ̀gá tó ní ìpinnu lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ gbólóhùn mẹ́ta sílẹ̀: ìpinnu wo ló fẹ́ ṣe, ọjọ́ wo ló gbọ́dọ̀ ṣe é, èsì wo ló sì lè mú un yí ọkàn padà. Gbólóhùn kẹta ló ṣòro jù. Ọ̀gá tó bá sọ pé kò sí èsì tó lè yí òun lọ́kàn padà ti ràn yín lọ́wọ́, nítorí ẹ ti mọ̀ pé ìwádìí yẹn kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹ gbé owó náà lọ sórí ìbéèrè mìíràn.

Láti inú ìpinnu ni ìbéèrè ti ń jáde. Ká ní ìpinnu náà ni pé kí a sọ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta di oṣù mẹ́fà. Ìbéèrè yín kì í wá ṣe bóyá ẹni tó kọ́ṣẹ́ sàn ju ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lọ. Ohun tí ẹ ń béèrè ni bóyá oṣù mẹ́ta tí ẹ fi kún un mú owó wọlé fún akẹ́kọ̀ọ́ ju iye tó ná ìjọba lọ. Ìwádìí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nínú èyí àkọ́kọ́, ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ rárá ni ẹ máa fi akẹ́kọ̀ọ́ wé. Nínú èkejì, ẹni tó kọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ máa náwó tán, ìpinnu yóò sì wà níbi tó wà.

Ìbéèrè máa ń pọ̀ ju owó lọ, nítorí náà ẹ nílò ìlànà tí ẹ ó fi máa tò wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2014, èyí tí wọ́n ń pè ní WIOA, ní kí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ máa gbé ètò ìwádìí ọdún márùn-ún jáde ní ọdún méjì-méjì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ tẹnu àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba agbègbè. Ẹ lè ya ìlànà yìí lò bí òfin tiyín kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀: ẹ wo ọdún márùn-ún síwájú, kí ẹ sì tún un wò ní ọdún méjì-méjì. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ wo iye owó tí ìpinnu náà máa kàn, ẹ wo bóyá ìwádìí tó dáa níbòmíràn ti dáhùn rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ tó láti fi dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tó kan owó ńlá, tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀, òun ni ẹ kọ́kọ́ mú.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n máa ń kó ìbéèrè ogún sínú ìwádìí kan nítorí pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ìbéèrè àgbà kan, ìbéèrè méjì tó ń tẹ̀ lé e, ó ti tó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fún ẹni tí kò bá yín ṣiṣẹ́ ní ìbéèrè náà kà. Kó lè sọ fún yín ta ni ẹ máa wò, kí ni ẹ máa wọ̀n lára rẹ̀, ìgbà wo ni ẹ máa wọ̀n ọ́n, àti ta ni ẹ máa fi wé e. Bí ọ̀kan bá sọnù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tún un kọ.

Ìpele 2: Ẹ fojú yín rí ètò náà

Ìwé ìlànà lè sọ pé wákàtí 300 ni ẹ̀kọ́, kó jẹ́ pé 120 ni wọ́n ń kọ́ wọn ní tòótọ́. Ó lè sọ pé agbanisíṣẹ́ ló ń yan iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́, kó jẹ́ pé olùkọ́ tó wà nílẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ lọ sí ibùdó mélòó kan láìjẹ́ pé wọ́n ti múra sílẹ̀ dè yín. Ẹ bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ẹ bá àwọn tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá àwọn agbanisíṣẹ́ tó gba àwọn tó jáde sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ to ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àwọn tó gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn tó béèrè, àwọn tó yege, àwọn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó parí, àwọn tó ríṣẹ́ nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Ẹ kọ iye èèyàn tó wà ní ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ látinú àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá. Ìwé kan ṣoṣo yìí máa ń fi ibi tí ìṣòro wà hàn kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí ìdajì àwọn tó yege kò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ohun kan tí ẹ lè tún ṣe láìdúró de ọdún mẹ́ta.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n máa ń wọn ètò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ kò tíì pé, tí irinṣẹ́ kò tíì dé. Ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ ná.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹni méjì nínú yín bá lọ sí ibùdó kan náà lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àlàyé wọn nípa ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ bára mu.

Ìpele 3: Ẹ wá ẹgbẹ́ tí ẹ máa fi wọ́n wé

Orí ìpele yìí ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé, ibí sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a fi owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kó tó wọlé wé èyí tó ń gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe é. Ní 1978, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà, Orley Ashenfelter, fi hàn pé owó àwọn tó ń wọ ètò ìkọ́ṣẹ́ máa ń já wálẹ̀ ní kété ṣáájú kí wọ́n tó wọlé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá ètò ìkọ́ṣẹ́ kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni owó wọn ì bá padà sípò láìsí ẹ̀kọ́ kankan. Tí ẹ bá wá ka ìpadàsípò yẹn mọ́ iṣẹ́ tí ètò ṣe, ẹ ti fi ohun tí kò ṣe yìn ín.

Ọ̀nà kejì tó ń tan èèyàn jẹ ni kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ wé àwọn tí kò béèrè fún àyè rárá. Ẹni tó jí lówùúrọ̀, tó gba fọ́ọ̀mù, tó sì padà wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìtara rẹ̀ kò bá ti ẹni tó jókòó sílé dọ́gba. Ní 1986, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mìíràn, Robert LaLonde, dán irú ìfiwéra yìí wò. Ó mú ètò kan tí wọ́n ti fi kèké pín èèyàn sí, tí èsì rẹ̀ sì ti dájú. Ó wá yọ àwọn tí kèké kò mú kúrò, ó sì fi àwọn ẹgbẹ́ ìfiwéra tí wọ́n ṣà látinú ìwádìí gbogbogbòò rọ́pò wọn. Ọ̀pọ̀ ìṣirò tó jáde ló jìnnà sí èsì tó dájú yẹn, àwọn kan tiẹ̀ sọ èrè di àdánù.

Ọ̀nà tó fìdí múlẹ̀ jù ni kèké. Láàárín àwọn tó béèrè, tí wọ́n sì yege, ẹ jẹ́ kí kèké pinnu ẹni tó máa wọlé nísinsìnyí. Bí èèyàn bá pọ̀ tó, ìtara, ọjọ́ orí, ìwé kíkà àti oríire máa pín dọ́gba sí ẹgbẹ́ méjèèjì. Ohun tó kù tó yàtọ̀ láàárín wọn ni pé wọ́n fún àwọn kan láyè, wọn ò fún àwọn yòókù.

Àwọn kan á ní ìwà ìkà ni kí a dá èèyàn padà nítorí ìwádìí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a gbọ́ ni. Ìdáhùn mi ni pé níbi tí àyè 500 bá wà fún èèyàn 1,200, ẹ máa dá 700 padà dandan. Ohun tó kù ni bí ẹ ṣe máa yan wọ́n, lójú tèmi sì ni, kèké ṣe déédéé ju kí ẹni tó mọ ọ̀gá máa ṣáájú. Ohun tí wọ́n ṣe ní Kòlóńbíà ní 2005 nìyẹn fún Jóvenes en Acción, ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́: àwọn ilé ẹ̀kọ́ yan èèyàn ju iye àyè tí wọ́n ní lọ, kèké sì pinnu ẹni tó wọlé. Èsì rẹ̀ fi hàn pé owó àwọn obìnrin tí wọ́n fún láyè lọ sókè dáadáa, ṣùgbọ́n ti àwọn ọkùnrin kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó kàn ka iye tó ríṣẹ́ kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Níbi tí àyè bá tó gbogbo ẹni tó béèrè, tí òfin sì sọ pé kí wọ́n gbà wọ́n, ẹ má ṣẹ́ kèké.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó yege kún fọ́ọ̀mù ìbẹ̀rẹ̀ kí kèké tó wáyé. Ẹ ṣàlàyé ìwádìí náà fún wọn ní èdè tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà.
2. Bí ó bá ní àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dá padà, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú kèké, kí ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ìwádìí. Lẹ́yìn kèké, ẹ má yọ ẹnikẹ́ni kúrò mọ́.
3. Kọ̀ǹpútà ni kó ṣẹ́ kèké, lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní ibùdó náà.
4. Ẹ fún àwọn tí kèké kò mú ní àkọsílẹ̀ ìrànlọ́wọ́ mìíràn tí wọ́n lè lọ bá.
5. Ẹgbẹ́ tí kèké fi èèyàn sí ló wà títí dé òpin ìṣirò, ìbáà jẹ́ pé kò wá sí kíláàsì rí.

Kókó karùn-ún yìí ni wọ́n máa ń bá mi jiyàn lé lórí jù. Wọ́n á ní, "Ẹni tí kò wá, kí ló dé tí a ó fi kà á mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́?" Ìdí ni pé àwọn tí kò wá kì í ṣe èèyàn tí a ṣèèṣì rí: bóyá wọ́n ti ríṣẹ́, bóyá ara wọn ò yá. Tí ẹ bá yọ wọ́n kúrò ní apá kan, tí ẹ kò sì mọ irú wọn ní apá kejì, kèké yín ti bàjẹ́.

Ẹ múra sílẹ̀ fún àwọn ibùdó tí kò ní gbà. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi kèké wádìí ètò ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní JTPA ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, ibi tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lé ní 200, 16 péré ló gbà ní ìkẹyìn. Ìwádìí náà ṣì kó nǹkan bí 20,000 èèyàn jọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti sọ pé 16 tó fọwọ́ sí i jọ gbogbo àwọn yòókù. Àfikún iṣẹ́ àti ìbẹ̀rù ìbínú àwọn ará àdúgbò ló máa ń lé àwọn ibùdó sá. Nítorí náà ẹ fi owó àfikún òṣìṣẹ́ sínú ìṣúná yín, kí ẹ sì lọ bá àwọn ọ̀gá ibùdó fúnra yín. Lẹ́tà nìkan kò tó.

Bí kèké kò bá ṣeé ṣe rárá, ọ̀nà mìíràn wà. Bí wọ́n bá ń fi máàkì yan èèyàn, ẹ fi àwọn tó kan ré kọjá ààlà wé àwọn tó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Bí ètò bá máa dé àwọn agbègbè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí kèké tò wọ́n, kí àwọn tó kẹ́yìn jẹ́ ìfiwéra fún àwọn tó ṣáájú. Bí méjèèjì kò bá sí, ẹ wá àwọn tó jọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú agbègbè kan náà, tí ẹ ní àkọsílẹ̀ owó wọn fún ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn yín pé ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà nínú èyí tó kẹ́yìn kéré.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣírò ọjọ́ orí, iye obìnrin, ìwé tí wọ́n kà àti owó tí wọ́n gbà ní ọdún méjì sẹ́yìn fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá jọra, ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá yàtọ̀ gidi, ẹ wádìí ẹni tó fọwọ́ kan kèké.

Ìpele 4: Ẹ ṣírò iye èèyàn tó máa tó

Ká ní ìdajì àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ ló máa ríṣẹ́ fúnra wọn. Ká ní ẹ sì fẹ́ kó jẹ́ pé, bí ètò náà bá ní ipa lóòótọ́, ìwádìí yín á rí i ní ìgbà 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá sì sí, kó má ṣì yín lọ́nà ju ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò nìyẹn. Láti mọ̀ bóyá ètò gbé iye tó ríṣẹ́ láti 50 dé 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ nílò nǹkan bí èèyàn 390 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti 50 dé 55, ó di nǹkan bí 1,560 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá dín sí ìdajì, iye èèyàn sì di ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí àwọn tí kèké mú kò bá wá. Tí ìdajì wọn nìkan bá wọ kíláàsì, ìyàtọ̀ tó hàn láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì á dín sí ìdajì, 390 yín á sì di 1,560. Tí ẹ kò bá sì rí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wọn mọ́ nígbà tí ẹ bá padà lọ béèrè ọ̀rọ̀, 390 ti di 488 nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí rèé tí ìwé Ìpele 2 fi ṣe pàtàkì: ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí iye àwọn tó máa ń wá ní tòótọ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n máa ń fi ìrètí àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà ṣe òṣùwọ̀n. Ní Tọ́kì, wọ́n fi kèké wádìí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ọ́fíìsì ìjọba tó ń jẹ́ İŞKUR ń ṣe, èèyàn tó sún mọ́ 6,000 ló wà nínú rẹ̀. Ipa tó ní lórí rírí iṣẹ́ kéré gan-an sí èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣètò fún ipa ńlá máa kó èèyàn díẹ̀ jọ, á wá kọ ọ́ pé "a kò rí ipa kankan", nígbà tó jẹ́ pé ìwádìí rẹ̀ kò lè rí ipa kékeré tó wà níbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣirò yín: "Ipa tó kéré jù wo ni a lè rí?" Kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá: "Bí ipa bá kéré báyìí, ṣé owó ètò náà ṣì tọ́ sí i?" Bí ọ̀gá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí ìwádìí yín kò lè rí ipa tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ kó èèyàn sí i tàbí kí ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 5: Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa wọ̀n àti ìgbà tí ẹ máa wọ̀n ọ́n

Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe èsì. Owó tí èèyàn ń gbà, bóyá ó níṣẹ́, àti bí iṣẹ́ náà ṣe pẹ́ tó, àwọn nìyẹn lèsì.

Nígbà tí èèyàn wà ní kíláàsì, kò lè ṣiṣẹ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kèké kò mú ń ṣiṣẹ́, ó ń gbowó. Tí ẹ bá wọ̀n wọ́n ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ètò tó dáa lè dà bí àdánù. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, David Card, Jochen Kluve àti Andrea Weber, kó ìwádìí tó lé ní 200 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n rí ni pé ipa irú àwọn ètò báyìí máa ń sún mọ́ òfo ní ọdún àkọ́kọ́, á wá máa hàn ní ọdún kejì àti ìkẹta, pàápàá fún àwọn ètò tó ń kọ́ni níṣẹ́. Ìdí tí mo fi ní ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ìwádìí lórí Job Corps, ètò ìkọ́ṣẹ́ ìjọba fún àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn tó béèrè fún àyè nínú rẹ̀ tó 81,000, tí kèké sì fi nǹkan bí 6,000 sí ẹgbẹ́ ìfiwéra, rí i pé owó àwọn ọ̀dọ́ náà lọ sókè ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ owó orí tọ̀ wọ́n lẹ́yìn síwájú sí i, èrè náà ti pòórá lára ọ̀pọ̀ wọn, àfi àwọn tó wọlé ní ọmọ ọdún 20 sí 24. Ẹ wọ̀n wọ́n léraléra, nítorí náà: ní oṣù kẹfà, ní ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Bí àkọsílẹ̀ bá gbà yín láyè, ẹ má dúró níbẹ̀.

Orísun ọ̀rọ̀ méjì ló wà, kò sì sí èyí tó pé. Àkọsílẹ̀ ìjọba kì í náni púpọ̀, kì í gbàgbé, ó sì ń kárí ẹgbẹ́ méjèèjì bákan náà. Ṣùgbọ́n kì í rí ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, kì í rí iṣẹ́ tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í sọ wákàtí tí èèyàn fi ṣiṣẹ́. Níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti máa ń dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀, àkọsílẹ̀ owó oṣù nìkan máa sọ wọ́n di aláìníṣẹ́. Ìbéèrè ojúkojú lè rí gbogbo èyí, àmọ́ ó náni, àwọn tí nǹkan ṣẹnuure fún ló sì máa ń yá lára láti dáhùn. Bí agbára bá wà, ẹ lo méjèèjì. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì tó mọ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì náwó ìwákiri bákan náà lórí ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìfiwéra bóyá wọ́n rí ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́ níbòmíràn. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ti kọ́ ọ, ohun tí ẹ ń wọ̀n ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ètò yín àti ohun tó ti wà nílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gba àkọsílẹ̀ èèyàn mélòó kan tí wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí ẹ rí i pé ẹ lè ṣí i, kí ẹ sì lè so ó mọ́ fọ́ọ̀mù yín. Ìlérí pé "ẹ ó rí i gbà" kò tó.

Ìpele 6: Ẹ ronú kan àwọn tí kò sí nínú ètò, àti iye tó ná yín

Bí agbègbè kan bá ní àyè iṣẹ́ 100, tí ẹ kọ́ èèyàn 100 tí wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Faransé, wọ́n dán èyí wò pẹ̀lú ètò tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé wáṣẹ́. Wọ́n mú agbègbè 235, wọ́n sì fi kèké pinnu ìpín àwọn tó máa rí ìrànlọ́wọ́ gbà níbì kọ̀ọ̀kan: kò sẹ́ni kankan ní àwọn ibì kan, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdajì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí gbogbo wọn ní àwọn mìíràn. Èsì tó jáde ní 2013 fi hàn pé apá kan nínú èrè àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn ò ràn. Ètò kékeré kò ní láti ṣe irú èyí. Ètò tó máa kárí orílẹ̀-èdè ní láti ronú lé e.

Ní ti owó: ẹ ka owó olùkọ́, irinṣẹ́, owó ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ì bá ti pa lákòókò tó wà ní kíláàsì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ lè sọ iye tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ná ìjọba, àti iye tí òun fúnra rẹ̀ pàdánù, nínú gbólóhùn kan.

Ìpele 7: Ẹ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì kọ ìròyìn kí èsì tó dé

Ìyọ̀ǹda máa ń gbọ́jọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó bá fẹ́ bi èèyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbéèrè kan náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì fún gbogbo ìlú láyè láti sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 60, lẹ́yìn náà fún ọjọ́ 30 mìíràn. Ẹ wádìí ohun tí òfin tiyín sọ ní oṣù kìíní, kí ẹ má baà máa dúró de ìbuwọ́lùwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn lórí àkọsílẹ̀ owó náà lè pẹ́ ju èyí lọ.

Kí èsì tó dé, ẹ ya gbogbo tábìlì tó máa wà nínú ìròyìn, kí ẹ fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ ìbéèrè àgbà sókè. Ẹ dárúkọ àwọn ìsọ̀rí tí ẹ máa wò lọ́tọ̀, bí obìnrin àti ọkùnrin, tàbí àwọn ọ̀dọ́, kí ẹ má sì fi òmíràn kún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí èsì. Ẹni tó bá wo ìsọ̀rí ogún máa rí ọ̀kan tó dà bíi pé ó ní ipa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò náà kò ṣe ohunkóhun. Ẹ fi ọjọ́ sí ìwé náà, kí ẹ gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Ẹ tún gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ọ̀gá pé èsì máa jáde bó bá dáa, á sì jáde bí kò bá dáa. Àsìkò yìí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó máa jẹ́, ló rọrùn jù láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi nọ́ńbà àròsọ kún àwọn tábìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èsì tó dáa, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú èsì tí kò dáa. Ẹ gbé méjèèjì síwájú ọ̀gá, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa ṣe ní ti èkíní àti ní ti èkejì. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ síra, ẹ lè ṣí fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé.